Itan Greyhound yín pá? Ẹ má tíì sáré ra oògùn

Greyhound, ajá eré ìje tó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, kò pọ̀ ní Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n àwọn tó ń sìn ín, àti àwọn tó ń sin ọmọ tí Greyhound bí pẹ̀lú ajá ilé wa, ẹjọ́ kan náà ni wọ́n sábà máa ń mú wá: ẹ̀yìn itan ajá ti pá. Irun bọ́ lọ́tùn-ún, ó bọ́ lósì, awọ ibẹ̀ ń dán gbinrin. Kí olówó ajá tó dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹran, ará àdúgbò ti dá a lẹ́jọ́ pé kúrúnà ni. Ẹlòmíràn ti gba ọ́ìlì mọ́tò tí wọ́n tú dànù wá lọ́wọ́ mẹkáníìkì pé kí wọ́n fi pa á lára. Ẹ sinmi ná. Ìbéèrè méjì ló ṣáájú oògùn èyíkéyìí: níbo gan-an ni irun ti bọ́? Ṣé ara ń yún ajá náà?

Irun Greyhound kò jọ ti Alsatian tàbí ti Lhasa. Ìpele kan ṣoṣo ni, ó kúrú, kò sí irun múlọ́múlọ́ lábẹ́ rẹ̀. Awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, ọ̀rá abẹ́ awọ sì kéré. Ibi kékeré tí irun bá ti dín kù ló ń hàn kedere, nígbà tí ajá onírun púpọ̀ á ti pàdánù ìlọ́po rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fura. Ìdí kan náà ni awọ rẹ̀ fi máa ń ya bó bá kàn fara gbá wáyà.

Itan pípá yìí jẹ́ ohun tí a mọ̀ mọ́ ìran Greyhound. Itan méjèèjì ló máa ń mú bákan náà, láti ẹ̀yìn wá sí ẹ̀gbẹ́. Nígbà mìíràn á dé ikùn, àyà àti abẹ́ ọrùn. Awọ ibẹ̀ kì í pọ́n, kì í ní èépá, kì í rùn, ara kì í sì í yún ajá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi di ẹ̀bi rẹ̀ ru táírọ́ìdì, ẹṣẹ́ inú ọrùn tó ń tú hómóònù jáde. Àwọn kan di í ru àgò tí ajá eré ìje máa ń sùn sí, àwọn mìíràn ní wàhálà eré sísá ni. Nígbà tí àwọn onímọ̀ gbé irun náà sábẹ́ máíkírósíkóòpù, wọ́n rí i pé ọ̀pá irun fúnra rẹ̀ ni kò lágbára, ṣíṣẹ́ ló ń ṣẹ́. Irun ajá ìje sábà máa ń padà lẹ́yìn tó bá fi eré sílẹ̀, àmọ́ ó lè gba oṣù púpọ̀, ti àwọn mìíràn kì í sì í padà mọ́. Abo náà a máa re irun lẹ́yìn ìgbà tó wá akọ tàbí lẹ́yìn tó bímọ. Kò ń dùn wọ́n, kò sì ń pa wọ́n. Ohun tí awọ tó pá bẹ́ẹ̀ nílò ni ibòji, pàápàá bó bá funfun, torí oòrùn Abẹ́òkúta láàárín aago mọ́kànlá sí aago mẹ́rin á jó o.

Ọ̀rọ̀ táírọ́ìdì yìí ni owó ti ń ṣòfò jù. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀, wọ́n á wọn hómóònù T4, èsì á ní ó kéré, ajá á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo levothyroxine, oògùn táírọ́ìdì, títí ayé. Bẹ́ẹ̀ T4 Greyhound tí ara rẹ̀ le koko máa ń kéré sí ti ajá yòókù. Ìwọ̀n tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì náà, ti ajá gbogbogbòò ni. Kí a tó gbà pé táírọ́ìdì ló dẹnu kọlẹ̀, a máa ń fẹ́ rí TSH (hómóònù tó ń ti táírọ́ìdì ṣiṣẹ́) tó ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ T4 tó kéré, kí àmì sì wà lára ajá fúnra rẹ̀: ó ń sanra láìjẹun púpọ̀, ó ń tòògbé, òtútù ń tètè mú un, ìrù rẹ̀ ń pá bí ìrù eku, ọkàn rẹ̀ ń lù wọ́ọ́rọ́wọ́. Ajá tó ń sáré ká ilé tí itan rẹ̀ nìkan pá kò ní ohun tó fẹ́ fi levothyroxine ṣe. Bí ẹ bá fún un láìnídìí, ó lè rù, kí ara rẹ̀ má balẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ máa sáré.

Èsì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yòókù náà kì í bá ìwé mu. PCV Greyhound, ìyẹn ìpín sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, sábà máa ń wà láàárín 50 sí 65 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó ga ju ti ajá mìíràn lọ; pílétílẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, sì máa ń kéré. Nítorí náà, PCV 40 tí ilé àyẹ̀wò kọ pé ó dára lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó ti ń gbẹ. Nílùú tí eégbọn ti ń kó àrùn Babesia àti Ehrlichia ran ajá bí tiwa yìí, ẹ sọ fún ẹni tó ń ka èsì pé Greyhound ni.

Bí ara bá ń yún un, ọ̀rọ̀ ti yí padà pátápátá. Ẹ mú bèbè etí rẹ̀, ẹ ṣẹ́ ẹ po, kí ẹ fi rin ara wọn fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ní ẹ̀gbẹ́ náà bá ń ju ara rẹ̀ bí ìgbà tó fẹ́ họ nǹkan, ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ kúrúnà tí kòkòrò Sarcoptes ń fà. Èyí máa ń bẹ̀rẹ̀ ní bèbè etí, ìgúnpá, orókún ẹ̀yìn àti ikùn. Ajá kì í fojú kan oorun. Ó ń ran ènìyàn. Bí àwọn ará ilé bá ń họ apá àti ikùn ní àkókò kan náà, ẹ sọ fún dókítà, nítorí ọ̀rọ̀ yẹn nìkan lè mú àyẹ̀wò yára.

Bí ó bá jẹ́ ìbàdí àti ìdí ìrù ló ń gé jẹ, ẹ wá yọ̀rọ̀, kòkòrò tó ń fò yẹn. Ẹ rẹ títíṣù funfun sínú omi, ẹ fún un, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ẹ fi ìyarun eléyín wẹ́wẹ́ ya irun ìbàdí, kí ẹ gbọn ohun tó bá bọ́ sórí títíṣù náà. Ìdọ̀tí lásán á dúró bó ṣe wà. Ìgbẹ́ yọ̀rọ̀ á yọ́, àwọ̀ pupa rúsúrúsú á sì tàn yí i ká, torí ẹ̀jẹ̀ ajá tó ti mu ni. Ajá tó kórìíra itọ́ yọ̀rọ̀ lè họ ara rẹ̀ pá látàrí ìgéjẹ díẹ̀, nítorí náà àìrí yọ̀rọ̀ lójú kò túmọ̀ sí pé kò sí.

Kúrúnà kejì, ti Demodex, ọmọdé ajá ló fẹ́ràn. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ yí ojú àti ẹnu ká, tàbí ní ẹsẹ̀ iwájú. Kì í yún ajá títí kòkòrò àìfojúrí á fi wọ̀ ọ́, kì í sì í ran ènìyàn. Inú ihò irun ló ń gbé, ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń fún awọ náà mọ́wọ́, tó ń fi abẹ tó kun epo họ ọ́ títí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ á fi sun, kó tó gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ẹ má bínú sí i pé ó dá egbò sí ajá yín lára. Ìhọlórí kò lè mú Demodex jáde.

Àwọn àmì róbótó ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló máa ń pè é ní làpálàpá. Lára ajá onírun kúkúrú, kòkòrò bakitéríà awọ ló sábà máa ń jẹ irun ní gálagàla bẹ́ẹ̀. Làpálàpá gidi máa ń fẹ́ kí wọ́n gbin irun náà sí ilé àyẹ̀wò, èsì sì lè gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Kí ó tó dé, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa fọ ọwọ́ wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án.

Ní ti ohun tí wọ́n ń pa mọ́ ajá lára, kí a là á mọ́lẹ̀. Ọ́ìlì mọ́tò ń wọ inú awọ, ajá á tún lá a, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín rẹ̀ á jìyà. Kẹrosíìnì ń bó awọ. Ọtapiápíá lè mú kó máa yọ itọ́, kó máa gbọ̀n, kó sì kú lọ́jọ́ kan náà. Ajá tí ọ̀rá rẹ̀ kéré báyìí kò ní ibi tó fẹ́ kó o pamọ́ sí. Izal, ilẹ̀ ni wọ́n ń fi í fọ̀. Ìpara ènìyàn tó ń pa gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sábà máa ń ní sítẹ́rọ́ọ̀dù nínú: á dá ìyún dúró fún ọjọ́ mélòó kan, á mú awọ tó ti fẹ́lẹ́ tẹ́lẹ̀ tún fẹ́lẹ́ sí i, bó bá sì jẹ́ Demodex ni, ńṣe ni kòkòrò á máa bí sí i.

Ivermectin, abẹ́rẹ́ kòkòrò ti màlúù, náà wà ńbẹ̀. Ìgò 1% ní mílígíráàmù 10 nínú mílílítà kan. Ìwọ̀n tí dókítà sábà máa ń lò fún kúrúnà kò ju 0.2 sí 0.4 mílígíráàmù fún kílò kan lọ, ìyẹn 0.6 sí 1.2 mílílítà fún ajá oníkílò 30. Ẹni tó bá fi ojú wọn ajá, tó wá fa oògùn kún sírínjì mílílítà 5, ó ti lé ìwọ̀n ní ìlọ́po mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí dókítà bá rí kòkòrò kúrúnà tó sì ní kí ẹ lo oògùn ìwẹ̀ amitraz 12.5%, mílílítà 2 sínú lítà omi kan ló ń fúnni ní ìwọ̀n 250 mílígíráàmù fún lítà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ṣe é níta tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, ẹ fi kànìnkànìn rin ín dé awọ, ẹ má ṣe ṣàn án, ẹ má sì sá a sí oòrùn. Àtọ̀gbẹ, yálà lára ajá tàbí lára ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́, kò bá amitraz ṣe pọ̀. Ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin náà kò gbọdọ̀ fara kàn án. Kó tòògbé díẹ̀ kì í ṣe tuntun. Bí kò bá lè dìde, dókítà ló kàn.

Ìwẹ̀ lásán rọrùn. Ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ ti tó. Lásìkò ọyẹ́, ẹ dín in kù. Ọṣẹ ajá ni kí ẹ lò, nítorí awọ ajá kò ní ekikan tó ti ènìyàn. Bí awọ bá ní ooju wẹ́wẹ́, ọṣẹ tó ní chlorhexidine 2 sí 4 nínú ọgọ́rùn-ún dára, bí ó bá lè wà lára fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó ṣàn án. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà: wọ́n á fi ọṣẹ, wọ́n á ṣàn án lójú ẹsẹ̀, wọ́n á wá ní oògùn kò ṣiṣẹ́. Ìbọ̀wọ́ onírọ́bà ni kí ẹ fi gbọn irun. Búrọ́ọ̀ṣì onírin á ya awọ rẹ̀.

Láfún àti ẹ̀bà á yó ajá, ṣùgbọ́n wọn kì í hu irun. Púróténì ni irun, oúnjẹ àgbà ajá sì gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán 18 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ bí a bá yọ omi kúrò. Bó bá jẹ́ oúnjẹ ilé ni, kí ìdá kan nínú mẹ́ta àwo jẹ́ ẹja, ẹran tàbí ẹyin sísè. Ṣàwá àti Títù dára fún awọ. Ẹ yọ àlùbọ́sà kúrò, májèlé ni fún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Epo ẹja oníhóró 1000 mílígíráàmù sábà máa ń ní 300 mílígíráàmù EPA àti DHA, ọ̀rá omega-3 inú ẹja. Ní ìwọ̀n 50 mílígíráàmù EPA àti DHA fún kílò kan, ajá oníkílò 30 á máa lo hóró márùn-ún lójúmọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹyọ kan kí ó má baà ṣunú. Ẹ má retí ìyàtọ̀ kí ó tó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ.

Ibi tó ń sùn sí náà ń jẹ irun. Egungun Greyhound yọ síta, kọnkéré tàbí àpáta gbígbóná á bó ìgúnpá àti ìbàdí rẹ̀. Fọ́ọ̀mù tó nípọn tó ínǹṣì mẹ́rin, tí wọ́n fi aṣọ tó ṣeé fọ̀ bò, á gbà á. Ẹ wo ògiri ibẹ̀ pẹ̀lú. Abo eégbọn tó bá ti yó máa ń bọ́ sílẹ̀, á gun ògiri, á yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin sínú pálapàla. Bí ẹ kò bá fi sìmẹ́ǹtì dí i, ara ajá nìkan lẹ ń tọ́jú.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹran, yálà ti FUNAAB (yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta) tàbí ti aládàáni, ẹ má ṣe wẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Ẹ ya fọ́tò ibi tó pá láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ sì kó gbogbo ìgò ohun tí ẹ ti pa á lára wá, títí kan èyí tí ojú ń tì yín láti mú jáde.