Lag nínú gémù orí íntánẹ́ẹ̀tì: ibo ló ti ń wá, èwo la sì lè dín kù nínú ilé

Ẹni tó bá ń gbá gémù orí íntánẹ́ẹ̀tì nílé mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹ ti fojú sun ọ̀tá, ẹ ti yìnbọn, ìbọn ti dún, síbẹ̀ ẹ̀yin lẹ kú. Tàbí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ yín, ẹ tẹ bọ́tìnì kẹ́ ẹ fi gbá a, agbábọ́ọ̀lù yín dúró bí ẹni tó ń ro nǹkan, kó tó gbẹ́sẹ̀ wọ́n ti gbà á lọ. Ìdádúró yẹn la ń pè ní lag. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn ni pé dátà ò yára tó, la bá sáré lọ ra plan tó tóbi sí i, owó lọ, lag ò lọ.

Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni speed àti lag o. Speed tí wọ́n ń polówó, ìyẹn Mbps, ni iye dátà tó lè gba ojú ọ̀nà kọjá láàárín sẹ́kọ́ńdì kan. Ping ni àsìkò tí pákẹ́ẹ̀tì kan, ìyẹn ègé dátà kékeré, fi máa kúrò lọ́dọ̀ yín, dé ọ̀dọ̀ sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí gémù, tí èsì ẹ̀ á fi padà dé ọ̀dọ̀ yín. Mìlísẹ́kọ́ńdì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ms lẹ máa ń rí lójú gémù, ẹgbẹ̀rún kan ẹ̀ ló jẹ́ sẹ́kọ́ńdì kan. Gémù ò sì jẹ dátà púpọ̀ tó bá ń lọ lọ́wọ́ (download àti update ẹ̀ ló ń jẹ owó), ohun tó ń fi ránṣẹ́ ò ju pé mo yí sọ́tùn-ún, mo fò, mo yìnbọn. Line 5 Mbps tí ò sí èrò lórí ẹ̀ á gbé e dáadáa, line 100 Mbps tó kún fọ́fọ́ sì lè sọ gémù di ìyà.

Apá kan wà nínú ping tí ò sí owó téèyàn lè fi rà á kúrò, ìyẹn ọ̀nà jíjìn. Ìmọ́lẹ̀ nínú kébù fáìbà ń sáré tó nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní sẹ́kọ́ńdì kan. Kébù MainOne tó gba abẹ́ òkun láti Portugal wá sí Lagos, tó ti ń ṣiṣẹ́ látọdún 2010, gùn tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà. Ẹ pín in: 35 ms àlọ, 35 ms àbọ̀, 70 ms ti lọ nìyẹn kó tiẹ̀ tó kúrò ní Portugal lọ sí London tàbí Frankfurt tí sáfà wà. Torí náà ẹni tó bá jókòó sí Surulere tàbí Bodija tó ń rí nǹkan bí 100 ms sí Yúróòpù, kó má da ráútà ẹ̀ láàmú, ọ̀nà ló jìn. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024 tí àwọn kébù WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bà jẹ́ lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan, kò sí bí ráútà ẹnikẹ́ni ì bá ṣe dáa tó, pákẹ́ẹ̀tì tó bá rí ọ̀nà gbà ń gba ọ̀nà àyíká.

Máapù náà sì lè tanni jẹ. Gémù oníbọn Counter-Strike ti ilé iṣẹ́ Valve ní sáfà ní Johannesburg, Johannesburg sì sún mọ́ Lagos ju London lọ díẹ̀, àmọ́ bí ilé iṣẹ́ tó ń tà yín ní dátà bá ṣe so nẹ́tíwọ̀kì tiẹ̀ ni pákẹ́ẹ̀tì yín ṣe máa rìn. Ẹ ṣí cmd, ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, lórí Windows, ẹ tẹ tracert pẹ̀lú àdírẹ́ẹ̀sì sáfà yẹn, orúkọ àwọn ibùdó tó ń gbà kọjá á máa jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n sábà máa ń fi àmì ìlú sínú orúkọ yẹn: lis ni Lisbon, lon ni London, jnb ni Johannesburg. Tẹ́ ẹ bá rí lon kẹ́ ẹ tó rí jnb, á jẹ́ pé pákẹ́ẹ̀tì yín ti kọ́kọ́ lọ kí àwọn ará London kó tó yí padà sí gúúsù, ping á ti lé ní 200. Ẹ lọ yan Yúróòpù nínú sẹ́tìn gémù ní tiyín, ẹ gbàgbé ohun tí máapù wí.

Ọ̀rọ̀ sátẹ́láìtì náà ò ju ọ̀nà jíjìn yìí lọ. Èyí àtijọ́ tó dúró lójú kan ga tó 35,786 kìlómítà sí ilẹ̀, nǹkan bí ìdajì sẹ́kọ́ńdì á ti lọ kí èsì tó dé, kò ṣeé gbá gémù oníbọn rárá. Ti Starlink tó wọ Nàìjíríà lóṣù kìíní ọdún 2023 ò ga ju nǹkan bí 550 kìlómítà lọ, ìyẹn ló jẹ́ kó ṣeé lò.

Inú ilé ló kù tí agbára wa ká, ó sì yẹ kéèyàn kọ́kọ́ mọ ibi tí àìsàn wà. Ẹ padà sínú cmd, ẹ tẹ ping pẹ̀lú àdírẹ́ẹ̀sì ráútà yín fúnra ẹ̀, 192.168.1.1 tàbí 192.168.0.1 ló sábà máa ń jẹ́, ẹ fi -t sí ẹ̀yìn ẹ̀ kó má dúró. Tó bá jẹ́ kébù lẹ fi so mọ́ ráútà, kò gbọ́dọ̀ ju 1 ms lọ. Lórí Wi-Fi tó dáa, á máa ṣe 2, 3, 5. Tó bá ń fò láti 3 lọ sí 90, tó tún já sí 4, tó tún di 150, pákẹ́ẹ̀tì yín ò tíì jáde kúrò nílé tó ti ń jìyà, ẹ má tíì bú àwọn tó ni nẹ́tíwọ̀kì.

Ohun tó ń ṣe Wi-Fi ni pé afẹ́fẹ́ kan náà ni gbogbo wa jọ ń lò. Lórí channel kan, ìyẹn ojú ọ̀nà kan nínú afẹ́fẹ́ yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, àwọn tó kù á dúró dè é, àti ráútà aládùúgbò náà wà nínú àwọn tẹ́ ẹ jọ ń dúró. Lórí 2.4 GHz, ọ̀kan nínú ìgbì rédíò tí Wi-Fi ń lò, channel 1, 6 àti 11 nìkan ni ò gun ara wọn, ẹ wá wo ilé face-me-I-face-you kan tí yàrá kọ̀ọ̀kan ní MiFi tiẹ̀, mélòó lẹ fẹ́ pín mẹ́ta fún? Microwave náà ń pariwo lórí 2.4 yẹn kan náà. 5 GHz ní àyè dáadáa ṣùgbọ́n kì í fẹ́ràn ògiri búlọ́ọ̀kù, ká má tíì sọ ti dẹ́kìn. Kébù ni oògùn tó dájú. Kébù nẹ́tíwọ̀kì Cat5e lásán lè gùn tó 100 mítà láìsí wàhálà, kẹ́ ẹ fà á láti ẹ̀yìn ráútà wọ ẹ̀yìn kọ́ńsóòlù, ó dáa ju ráútà eléríàlì mẹ́jọ tí wọ́n kọ gaming sí lára lọ.

Ká ní ping ráútà dáa, ti ìta ló ń ya wèrè, tó sì jẹ́ pé ìgbà tẹ́lòmíì bá ń lo íntánẹ́ẹ̀tì nínú ilé ló máa ń ṣe é. Ẹ tẹ ping 8.8.8.8 -t (sáfà Google ni), ẹ jẹ́ kó máa lọ, kẹ́ ẹ wá fi fóònù kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fídíò ńlá lọ sórí Google Drive. Ẹ máa wo nọ́ńbà: 45, 47, 44, fídíò bẹ̀rẹ̀, ó di 180, ó di 390, ó lè tó 600, ẹ dá fídíò yẹn dúró, ó tún padà sí 45. Ọ̀nà ò yí padà, sáfà ò kúrò níbi tó wà, ìlà ló gùn. Bí ìgbà téèyàn fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ kan péré ní bánkì ni, àmọ́ ẹni tó gbé àpò owó wá ló wà níwájú ẹ̀, àfi kó dúró kí wọ́n ka gbogbo ẹ̀ tán.

Ráútà àti módẹ́ẹ̀mù ní ibi ìpamọ́ tí pákẹ́ẹ̀tì ti ń tò, àwọn tó ṣe wọ́n sì fẹ́ kó tóbi kí nǹkan má baà sọnù. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, torí tí nǹkan bá sọnù ni TCP, ìlànà tó ń gbé fídíò yẹn, fi ń mọ̀ pé òun ń sáré jù. Tí ò bá sọnù, á máa rọ́ ọ wọlé ni. Jim Gettys, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, ló sọ ọ́ ní bufferbloat ní nǹkan bí ọdún 2010, nígbà tó di 2012 àwọn onímọ̀ nẹ́tíwọ̀kì méjì, Kathleen Nichols àti Van Jacobson, gbé ètò kan tó ń jẹ́ CoDel jáde, tó ń wo bí pákẹ́ẹ̀tì ṣe pẹ́ tó lórí ìlà, tó bá ti pẹ́ jù á ju díẹ̀ nù kí TCP lè mọ̀ pé ó yẹ kóun rọra. Àwọn ètò tó tẹ̀ lé e, fq_codel àti CAKE, tún ya ìlà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pákẹ́ẹ̀tì gémù ò ní dúró sẹ́yìn fídíò mọ́.

Ẹ wò ó nínú ráútà yín bóyá SQM, ìyẹn sẹ́tìn tó ń lo irú ètò bẹ́ẹ̀, wà níbẹ̀, tí ò bá sí, OpenWrt, ètò ọ̀fẹ́ téèyàn lè fi rọ́pò ti inú ráútà, ní in, bí ráútà yẹn bá lè gbà á. Ẹ wọn speed yín, kẹ́ ẹ fi SQM sí bí ìdá 85 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀, àti download àti upload. Ó máa dun àwọn kan pé àwọn ń fi ọwọ́ ara àwọn gé speed, ṣùgbọ́n bí ráútà yín ò bá jẹ́ ibi tó há jù lọ lójú ọ̀nà, inú módẹ́ẹ̀mù ni ìlà á ti tò, SQM ò sì ní rí nǹkan ṣe sí i. Lórí 4G ó le díẹ̀, torí speed ń yí padà pẹ̀lú èrò tó wà lórí mást, ẹ wọ̀n ọ́n lálẹ́ nígbà tí gbogbo àdúgbò wà lórí fóònù, iye yẹn ni kẹ́ ẹ lò. Ẹni tí ò ní SQM, kó pa backup Google Photos àti ti WhatsApp, kó sì wọ sẹ́tìn Windows lọ pa Delivery Optimization, torí ó lè máa fi upload yín pín update fún kọ̀ǹpútà ẹlòmíì tẹ́ ẹ ò mọ̀ rí.

Lórí 4G kan náà, ibi tí ráútà jókòó sí ṣe pàtàkì gan-an. Nínú ojú ìwé sẹ́tìn ẹ̀, ẹ wá RSRP, ìyẹn bí sígínà tó ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ṣe lágbára tó: -80 dáa, -110 ò dáa rárá. Ẹ máa gbé e láti fèrèsé kan sí èkejì títí ẹ ó fi rí ibi tí nọ́ńbà yẹn ti sún mọ́ òdo jù.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tán, kí ping dúró ṣinṣin ló yẹ kẹ́ ẹ wò ju kó kéré lọ. 110 tí kì í yẹsẹ̀ sàn ju 50 tó ń fò lọ sí 250 lọ, torí sáfà ń ṣírò ping yín mọ́ ibi tí ọ̀tá wà nígbà tẹ́ ẹ yìnbọn, tó bá ń fò ìṣirò yẹn á daru, ìyẹn wà lára ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n pa yín lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti sá sẹ́yìn ògiri.

Yíyí DNS padà, tí gbogbo fídíò YouTube ń sọ, kì í dín ping kù. DNS ń wá àdírẹ́ẹ̀sì sáfà lẹ́ẹ̀kan ni, kò sí níbẹ̀ nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀. VPN, tó ń mú pákẹ́ẹ̀tì yín gba sáfà tiẹ̀ kọjá, ń fi kún ọ̀nà lọ́pọ̀ ìgbà, àfi bí tracert bá ti fi hàn pé ọ̀nà àyíká lẹ ń gbà tí VPN yẹn sì rí ọ̀nà tó tọ́ ju ìyẹn lọ, àwọn kan nínú wọn sì ní ọjọ́ ọ̀fẹ́ díẹ̀, ẹ fi wọ̀n ọ́n lọ́sàn-án, ẹ tún wọ̀n ọ́n lálẹ́, kẹ́ ẹ tó fún wọn ní nọ́ńbà káàdì yín.