Ìyàn-ara ni mo pè é, ìyàn-ara náà ni

Lóṣù tó kọjá ni wọ́n ní kí n bá àwọn yẹ ìwé pélébé kan wò, èyí tí wọ́n fẹ́ pín fún àwọn aboyún ní Mushin. Ojú ewé àkọ́kọ́ ni mo ti bá "màlùnútíríṣọ̀n" pàdé, ọ̀rọ̀ òyìnbó fún ara tí kò rí èròjà oúnjẹ tó yẹ lò, ìgbà mẹ́fà gbáko. Mo fa igi lé gbogbo wọn. Ìyá wo ló ń ta ata ní Mile 12 tí yóò délé sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé màlùnútíríṣọ̀n ń yọ ọmọ òun lẹ́nu?

Ẹni tó kọ ọ́, àbúrò ni lẹ́nu iṣẹ́, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n wá fi àìjẹunrekánú sí i? Òun ni wọ́n ń sọ lórí rédíò." Mo mọ̀ pé òun ni wọ́n ń sọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ẹjọ́ tó dá ni mo ń bá a fà. Ẹ tú u wò: ẹni tí kò jẹ ohun rere kánú. Ó ti ẹnu dé inú, ó dákẹ́. Bí ìyá ọmọ bá gbọ́ ọ, ohun tó gbọ́ ni pé òun kò bọ́ ọmọ òun. Bẹ́ẹ̀, ọmọ tí wọ́n ń bọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ lè rù títí eegun ìhà rẹ̀ á fi ṣeé kà.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń kọ "àìtó àwọn èròjà aṣaralóore nínú àgọ́ ara". Òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ ọmọ á ti rù sí i kí nọ́ọ̀sì tó pè é tán.

Ìyàn-ara ni tèmi. Ọjà lè kún, ìkòkò lè wà lórí iná, kí ìyàn ṣì mú nínú ara ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé. Àwọn àgbà kúkú ti ń sọ ọ́: "Ó ń jẹun, kò hàn lára rẹ̀."

Ẹ fi ara èèyàn wé táńkì dúdú tó wà lórí irin lẹ́yìn ilé tí ayálégbé pọ̀ sí. Bí ó bá gbẹ, ẹ má kàn sọ pé omi kò wọlé. Lóòótọ́, omi tó ń wọlé lè kéré. Ó sì lè pọ̀, kó jẹ́ pé yanrìn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó tún lè jẹ́ pé omi gidi ń wọlé, ìdí táńkì ló lu. Yanrìn yẹn ni ògì lásán tí à ń fún ọmọ tó ti lé lóṣù mẹ́fà, tí kò sí ẹ̀wà, tí kò sí edé, tí kò sí ẹyin níbẹ̀. (Àwọn kan ṣì gbà pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin yóò ya olè. Mo mọ olè púpọ̀, n kò tíì rí èyí tí ẹyin sọ dà.) Ihò ìdí táńkì ni ìgbẹ́ gbuuru, aràn, ibà àti èèyi: àìsàn a lé oúnjẹ jáde, ara tí oúnjẹ ti tán nínú rẹ̀ a sì tún kó àìsàn.

Ìyá ọmọ ńkọ́? Táńkì kan ni, ilé méjì ló ń fa omi rẹ̀. Bí ìyàn bá ti mú nínú ara aboyún, inú oyún lọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀ ìyàn tirẹ̀. Bí wọ́n bá bí i, ó lè má tó kílò 2.5. Bó bá jẹ́ obìnrin, tó dàgbà láìtóbi, tí òun náà sì tètè lóyún, ìyàn ti di ogún ìdílé nìyẹn. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń ka 1,000 ọjọ́, láti ìgbà tí oyún bá dúró títí ọmọ fi pé ọdún méjì.

Àwọn dókítà máa ń ya ọmọ tó kúrú ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ tó rù. Kí wọ́n máa yà á. Ìyàn kan náà ni lójú tèmi.

Ní 1990, UNICEF to àwọn ohun tó ń fà á sí ìpele mẹ́ta. Lókè ni oúnjẹ tí kò tó àti àìsàn. Lábẹ́ wọn ni àìsí oúnjẹ nínú ilé, ìtọ́jú ìyá àtọmọ tó mẹ́hẹ, omi ìdọ̀tí àti ilé ìwòsàn tó jìnnà. Nísàlẹ̀ pátápátá ni ìṣẹ́, àti ọwọ́ ẹni tí ọrọ̀ àti àṣẹ wà. Ẹ padà sídìí táńkì: ta ló gbẹ́ kànga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáláńgá? Nínú ìwádìí ìjọba tọdún 2018, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 37 ló kúrú ju ọjọ́ orí wọn lọ. Nínú ọgọ́rùn-ún ìkókó tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, 29 péré ló ń mu ọmú nìkan láìfi omi là á. Ní 2014, ìjọba Èkó fún àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ìsinmi ìbímọ oṣù mẹ́fà. Ó dáa. Ta ni yóò fún ìyá alátẹ ní Oyingbo ní ìsinmi tirẹ̀? Rédíò sì ń sọ fún un pé kò jẹunrekánú.

Olùkọ́ kan ní Yábàá ta kò mí: ó ní ìlú ni ìyàn ń mú, kì í mú èèyàn kan. Mo ní kó sọ fún mi ibi tí kwashiorkor ti wá. Ẹnu àwọn ìyá tó ń sọ èdè Ga ní Accra ni; àìsàn ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú nítorí àbúrò rẹ̀ ti dé ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Dókítà Cicely Williams gbà á lẹ́nu wọn, ó tẹ̀ ẹ́ sínú Lancet, ìwé ìròyìn àwọn dókítà, ní 1935, gbogbo ayé sì ń pè é títí dòní. Àwọn ìyá yẹn kò fi orúkọ náà bú ẹnikẹ́ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sọ́mọ ni wọ́n sọ. Bí ọ̀rọ̀ Ga bá lè wọ ìwé dókítà òyìnbó láìtọrọ ààyè, ìyàn lè wọ ara èèyàn kan.

Wọ́n gba ìyàn-ara wọlé ṣá. Àfi ìgbà tí ìwé dé láti ọ̀dọ̀ atẹ̀wé ní Ṣómólú tí gbogbo àmì ohùn ti ṣí dànù. Àbúrò pè mí lọ́jọ́ tí wọ́n pín páálí àkọ́kọ́: aboyún kan ti ń béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa pín iyán náà. Páálí mẹ́ta ló kù. Èmi àti báírò mi ti wà lórí ìkejì.