Ìkùukùu Tó Gbé Tokyo Mì

Komatsu Sakyo, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ ará Japan, kì í ṣe ọmọ Tokyo. Osaka ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1931, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ orísun sinimá *Shuto Shōshitsu*, ìyẹn "Olú-ìlú Pòórá", ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá yìí ti kọ́kọ́ ri gbogbo ilẹ̀ Japan sínú òkun nínú ìwé ìtàn àròsọ kan. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi kọ ìwé yẹn. Ó jáde ní 1973, iye tí wọ́n tà lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta, ó sì ti di sinimá kí ọdún náà tó parí.

Nígbà tó fi máa kọ ìtàn "Olú-ìlú Pòórá", Tokyo ti kó gbogbo nǹkan jọ sọ́dọ̀: ilé aṣòfin, àwọn mínísítà, báńkì ńláńlá, tẹlifíṣọ̀n. Bí ìlú yẹn ò bá sí mọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan ńkọ́? Komatsu ò dáná sun ún, kò sì fi ìmìtìtì ilẹ̀ wó o. Ìkùukùu ló fi bò ó. Ará ìta ò lè wọlé, ará inú ò lè jáde. Ẹ tẹ fóònù títí, kò wọlé. Rédíò ò gbé ohùn kankan jáde. Ta ló wá máa fọwọ́ sí ìwé? Olórí ìjọba wà nínú ìkùukùu! Àwọn gómìnà, tí wọ́n ti ń lọ bẹ Tokyo fún owó tipẹ́, ló wá jókòó láti dá ìjọba sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Amẹ́ríkà àti Soviet ń wò wọ́n.

Inú àwọn ìwé ìròyìn tí kì í ṣe ti Tokyo ni ìtàn náà ti kọ́kọ́ ń jáde díẹ̀díẹ̀. Ó di ìwé ní 1985, ó sì gba Nihon SF Taishō, ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún ìtàn àròsọ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Japan, lọ́dún náà.

Masuda Toshio ló darí sinimá rẹ̀ ní 1987. Tẹlifíṣọ̀n Kansai ti Osaka wà lára àwọn tó ṣe é (ẹ ò rí nǹkan!). Nakano Teruyoshi, tó ti bá wọn ri Japan nínú sinimá ti 1973, ló ṣe ìkùukùu náà. Maurice Jarre ará Faransé ló kọ orin rẹ̀. Lójú tèmi, orin náà ju eré lọ.

Tokyo ò pòórá. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1995, Kobe, tí kò jìnnà sí Osaka, ni ilẹ̀ ti mì, tó pa èèyàn tó lé ní 6,000. Ìjọba ní Tokyo ò tètè mọ bó ṣe le tó. Komatsu mú gègé rẹ̀, ó tún ń kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ìtàn àròsọ.