Bí Wọ́n Ṣe Rí Àmì Fáírọ́ọ̀sì Lára Adìẹ Tí Kò Kó Àrùn

Ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ń sin adìẹ ẹlẹ́yin ní Gwagwalada gbọ́ pé àyẹ̀wò rí p27, purotéènì fáírọ́ọ̀sì jẹjẹrẹ adìẹ, nínú funfun ẹyin rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ara àwọn adìẹ náà le koko. Ẹ̀rù bà á. Ìtàn tí mo sọ fún un nìyí.

Ní 1908, Ellermann àti Bang ní Denmark fi hàn pé omi tí a ti sẹ́, tí kò ku sẹ́ẹ̀lì kankan nínú rẹ̀, lè gbé jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ láti ara adìẹ kan lọ sí ara òmíràn. Peyton Rous fi irú rẹ̀ hàn nípa kókó jẹjẹrẹ ní New York ní 1911. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn fáírọ́ọ̀sì wọ̀nyí kì í ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́ débi tí ojú á fi rí i, ìdí nìyẹn tí Sarma, Turner àti Huebner fi gbé COFAL, àyẹ̀wò tí ń wá purotéènì fáírọ́ọ̀sì náà, jáde ní Amẹ́ríkà ní 1964. Wọ́n á po omi sẹ́ẹ̀lì adìẹ mọ́ omi ẹ̀jẹ̀ hamster (ẹranko kékeré bí eku) tí kókó Rous wà lára rẹ̀, tí ó ní ọmọ ogun ara tí ń di purotéènì náà mú, wọ́n á fi èròjà tí ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì kún un, kí wọ́n tó da ẹ̀jẹ̀ àgùntàn tí wọ́n ti pèsè sílẹ̀ sí i. Bí purotéènì náà kò bá sí níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á fọ́, gbogbo omi á sì pọ́n; bí ó bá wà, òun àti ọmọ ogun ara á ti so pọ̀, wọ́n á ti lo èròjà tí ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì yẹn tán, ẹ̀jẹ̀ á sì rọra sọ̀ kalẹ̀, á jókòó sí ìsàlẹ̀ bí bọ́tìnnì pupa.

Ní 1966, Dougherty àti Di Stefano rí àmì yìí lára ọmọ inú ẹyin tí kò ní fáírọ́ọ̀sì tí ń ranni. Ó rọrùn láti sọ pé àyẹ̀wò ló ṣìnà. Ohun tí mo fi ń bọ̀wọ̀ fún Payne àti Chubb ní England ni pé wọn kò sọ bẹ́ẹ̀: wọ́n mú ìran adìẹ tí ó ní purotéènì náà pọ̀ mọ́ ìran tí kò ní in, wọ́n yẹ àwọn ọmọ wò, wọ́n sì kéde ní 1968 pé jíìnì kan ṣoṣo ni ó ń gbé e láti ọ̀dọ̀ òbí sí ọmọ. Adìẹ kò kó o, ó jogún rẹ̀ ni. Láàrin ìgbà náà ni Robin Weiss rí purotéènì èèpo fáírọ́ọ̀sì nínú sẹ́ẹ̀lì tí ó lera, ó sì lọ títí dé igbó Malaysia, níbi tí ó ti bá ohun kan náà lára adìẹ igbó pupa, baba ńlá adìẹ ilé wa.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò kọ́kọ́ gbà á, àfi ìgbà tí Temin àti Baltimore, ní 1970, ṣàwárí èròjà tí ń sọ RNA, àkọsílẹ̀ àbùdá fáírọ́ọ̀sì, di DNA, irú àkọsílẹ̀ tí sẹ́ẹ̀lì ń lò. Fáírọ́ọ̀sì tí ó bá ti wọ inú DNA sẹ́ẹ̀lì tí ń di ẹyin tàbí àtọ̀ á máa bá ìran lọ.

Àyẹ̀wò p27 nìkan kò lè ya ti ogún sọ́tọ̀ kúrò lára ti àkóràn. Ẹ̀gbọ́n mi kò tíì pa adìẹ kankan. Ó ń dúró de àyẹ̀wò kejì, tí wọ́n ń fi sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì àjogúnbá kò lè wọ̀ ṣe, tí ó jẹ́ pé ti àkóràn nìkan ni ó lè pọ̀ sí i nínú rẹ̀.