Ẹni Tó Mọ Odò Wẹ̀ Náà Nílò Ẹ̀wù Amúniléfòó

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé àwọn èèyàn ṣeré lórí adágún, òmùwẹ̀ inú wọn ló sábà máa ń fi láìfù jákẹ́ẹ̀tì ṣe ìrọ̀rí. Lójú tiẹ̀, àwọn ọmọdé àtàwọn tí ò mọ̀ ọ́n wẹ̀ ni wọ́n rán ẹ̀wù amúniléfòó fún. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, òun á kàn wẹ̀ dé etí omi ni. Ìgbàgbọ́ yìí jọ òótọ́, ó sì ti gbẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìgbà tí apá àti ẹsẹ̀ bá ń gbọ́ràn síni lẹ́nu, tí èémí sì ń wọlé tó ń jáde bó ṣe yẹ, ni ìlúwẹ̀ẹ́ tó ṣeé ṣe. Ohun méjèèjì yìí gan-an ni jàǹbá orí omi máa ń kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ èèyàn.

Ọdọọdún ni US Coast Guard, ìyẹn àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú omi ilẹ̀ Amẹ́ríkà, máa ń ṣírò àwọn tó kú nínú jàǹbá ọkọ̀ ìgbafẹ́ ní Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n sì ń rí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Nínú ẹni 4 tó kú, nǹkan bí ẹni 3 ló jẹ́ pé omi ló gbé wọn lọ. Nínú 10 tí omi gbé, ó ju 8 lọ tí kò wọ ẹ̀wù amúniléfòó. Bẹ́ẹ̀ òfin ti sọ pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ọkọ̀ ní tiẹ̀. Kì í ṣe pé jákẹ́ẹ̀tì ò sí; abẹ́ ìjókòó ló wà.

Ìgbà ìrúwé ni ewu yìí máa ń fara pa mọ́ jù. Oòrùn ti ń ràn, afẹ́fẹ́ ti gbóná tó 20°C, gbogbo èèyàn ti bọ́ kóòtù, wọ́n sì fẹ́ gbé ọkọ̀ sómi. Àmọ́ omi kì í yára gbóná bí afẹ́fẹ́. Adágún tí yìnyín orí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ máa ń wà ní nǹkan bí 4°C látòkè délẹ̀, torí ìwọ̀n yẹn ni omi ti ń wúwo jù: tòkè á máa rì, tìsàlẹ̀ á máa gòkè, títí gbogbo ẹ̀ á fi tutù bákan náà. Ó sì máa ń tó ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ má wo ojú ọjọ́ kẹ́ ẹ tó múra, omi ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ so tẹmomítà mọ́ okùn, ẹ sọ ọ́ sómi ní nǹkan bíi mítà 1 sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ fi í síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bó bá ti wà nísàlẹ̀ 15°C, omi tó lè gba èémí lẹ́nu èèyàn nìyẹn.

Bí omi tó tutù tó bẹ́ẹ̀ bá ṣàdédé bo awọ ara, èèyàn á mí kanlẹ̀ sínú láìjẹ́ pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí orí rẹ̀ bá wà lábẹ́ omi lásìkò yẹn, omi ló máa fà símú, ìmí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yẹn sì ti tó pani. Lẹ́yìn náà, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ru. Ẹni tó lè sé èémí fún odindi ìṣẹ́jú kan nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lè má lè sé e fún ìṣẹ́jú àáyá 10 níbí. Awọ ara ò mọ̀ bóyá òmùwẹ̀ lẹni tó ni ín.

Gordon Giesbrecht, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Manitoba ní Kánádà, tó ti pẹ́ lẹ́nu ìwádìí lórí bí òtútù ṣe ń ṣe ara, ló gbé òǹkà kan kalẹ̀ tó rọrùn láti rántí: 1, 10, 1. Ìṣẹ́jú 1 lẹ ní láti fi kápá èémí yín. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á ṣì fi wúlò. Nǹkan bíi wákàtí 1 ló máa gbà, kódà nínú omi tó tutù bíi yìnyín, kí òtútù tó mú èèyàn dákú. Ibi tí òmùwẹ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Ó ti gbọ́ pé òtútù kì í tètè pani, ó wá rò pé òun á ti gúnlẹ̀ kó tó kan òun. Àmọ́ ẹni tí nǹkan bá gbé orí rẹ̀ sókè nìkan ló ń rí wákàtí yẹn lò. Kí ìṣẹ́jú 20 tó pé, ẹ̀jẹ̀ á ti sá kúrò lápá àti lẹ́sẹ̀ lọ sáàárín ara. Ìka á le, wọn ò ní lè pa pọ̀ mọ́. Apá ò ní lè nà tán. Ẹsẹ̀ á máa rì, títí ara tó nà gbalaja lójú omi á fi dúró lóòró. Onítọ̀hún á ṣì máa wẹ̀, àmọ́ kò ní kúrò lójú kan.

Torí náà, bẹ́ ẹ bá já sínú omi tútù, ẹ má wẹ̀ rárá ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ kí jákẹ́ẹ̀tì gbé yín, kẹ́ ẹ máa rọra mí síta títí èémí á fi rọlẹ̀. Ìṣẹ́jú 10 tó tẹ̀ lé e lẹ máa fi gun ẹ̀yìn ọkọ̀ tó dojú dé, tẹ́ ẹ máa fi fọn fèrè, tẹ́ ẹ máa fi so okùn tó bá yẹ ní síso kí ìka tó kọṣẹ́. Bí kò bá sí ohun tẹ́ ẹ lè gùn, ẹ ká orúnkún mọ́ àyà, kẹ́ ẹ pa apá mọ́ ẹ̀gbẹ́, torí abíyá àti abẹ́nú wà lára ibi tí ooru ti ń tètè jáde lára. Láìsí ẹ̀wù amúniléfòó, ẹni tó bá ká ara rẹ̀ jọ báyìí á rì ni. Ẹ má sì fi ọkọ̀ sílẹ̀ torí pé ẹ rí etí omi lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ̀yìn ọkọ̀ hàn sí ẹni tó ń wáni ju orí èèyàn lọ, ilẹ̀ sì máa ń jìnnà ju bó ṣe rí lójú ẹni tó wà nínú omi.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi á lọ́ wọ́ọ́rọ́, jákẹ́ẹ̀tì á wá di ẹrù lára. Ìwọ̀nba òkè ló lọ́ wọ́ọ́rọ́ o. Mítà mélòó kan sísàlẹ̀, omi míì tó tutù ju ìyẹn lọ dáadáa wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ ẹni tó bẹ́ sómi sì lè kàn án. Àmọ́ ìṣòro ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti òtútù. Ọkọ̀ gbá ìgbì ọkọ̀ míì, ó gbé èèyàn sọ nù, orí onítọ̀hún gbá irin, ó dákú kó tó dénú omi. Kí ló fẹ́ fi ìlúwẹ̀ẹ́ ṣe? Tàbí kí bọ́ọ̀lù já sómi, kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bẹ́ tẹ̀ lé e. Atẹ́gùn á máa gbé bọ́ọ̀lù náà lọ níwájú, á sì máa gbé ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú lọ lẹ́yìn. Nígbà tó bá máa yíjú padà, ọkọ̀ ti di ohun tó ń lé. Bí ọtí bá sì wà nínú ẹ̀, ìjàǹbá á yára sí i.

Awakọ̀ tó já bọ́ ní ewu tiẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣì ń ṣiṣẹ́ tí kò sẹ́ni lórí ìtọ́kọ̀, ọkọ̀ lè máa yípo, kó sì padà wá bá a pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ irin tó ń yí lábẹ́ rẹ̀. Okùn kan wà fún èyí: orí rẹ̀ kan wà lára bọ́tìnì tó ń pa ẹ́ńjìnnì, ẹ so èkejì mọ́ itan tàbí mọ́ jákẹ́ẹ̀tì. Bí awakọ̀ bá já bọ́, ẹ́ńjìnnì á kú. Láti April 1, 2021 ni òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ní kí awakọ̀ ọkọ̀ tí gígùn rẹ̀ kò tó ẹsẹ̀ bàtà 26, tó sì ní irú okùn yìí, máa lò ó nígbà tó bá ń sáré.

Ìgbà ìwọ́wé ò fi bẹ́ẹ̀ le láti yé: omi ń tutù padà, ilẹ̀ ń tètè ṣú, ọkọ̀ tó lè gbani ò pọ̀ lórí adágún mọ́. Àwọn kan máa ń bọ́ bàtà àti kóòtù nínú omi torí wọ́n gbà pé òun ló ń fa èèyàn rì. Rárá o. Omi tó wọnú bàtà kì í wúwo níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà nínú omi. Ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ gòkè ló máa di ẹrù. Ẹ fi aṣọ sílẹ̀ lára, afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ ń gbéni díẹ̀, ó sì ń dín òtútù kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń rìn lórí yìnyín nígbà òtútù: jákẹ́ẹ̀tì kan náà ló yẹ kó wà lọ́rùn rẹ̀.

Tó bá dọ̀rọ̀ rírà, ẹ ka iye Newton tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n agbára tó fi ń gbéni léfòó. 50 wà fún òmùwẹ̀ níbi tí ìrànlọ́wọ́ ò jìnnà. Kì í yí ẹni tó dákú sẹ́yìn. 100 dára fún omi tó pa rọ́rọ́. 150 lágbára tó láti yí ọ̀pọ̀ èèyàn tó dákú kí ojú wọn wà lókè, kódà pẹ̀lú aṣọ lára. 275 wà fún òkun àti aṣọ tó wúwo gan-an.

Irú èyí tí gáàsì ń fẹ̀ fúyẹ́, ọ̀pọ̀ òmùwẹ̀ sì gbà láti wọ̀ ọ́, àmọ́ ó fẹ́ àbójútó. Ṣáájú kí ẹ tó máa lọ sórí omi lọ́dún, ẹ tú sìlíńdà gáàsì rẹ̀, kẹ́ ẹ wo ẹnu rẹ̀ bóyá nǹkan ti lu ú. Ẹ gbé e sórí síkéèlì: bí ìwọ̀n rẹ̀ bá kéré sí èyí tí wọ́n tẹ̀ sára irin náà, gáàsì ti ń jò, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ fi ẹnu fẹ́ jákẹ́ẹ̀tì náà gba ojú rọ́bà rẹ̀ kó kún, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú. Bó bá rọ̀ nílẹ̀ ọjọ́ kejì, ó ti lu. Tó bá jẹ́ irú tó ń fẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ohun tí omi ń mú ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ má sì wọ kóòtù lé e láé, torí ó máa fún àyà pa nígbà tó bá fẹ̀.

Ti fóòmù ò nílò èyí tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má jókòó lé e, torí fóòmù tó ti tẹ̀ pẹlẹbẹ ò ní gbéni mọ́. Ẹ di gbogbo ìdè rẹ̀, ẹ gbé apá sókè, kí ẹnì kejì di èjìká rẹ̀ méjèèjì mú kó fà á sókè. Bó bá dé etí yín, ó tóbi jù tàbí kẹ́ ẹ tún un dì. Ti ọmọdé gbọ́dọ̀ ní okùn tó gba àárín itan, kó sì bá ìwọ̀n kílò ọmọ náà mu lónìí. Èyí tí wọ́n rà ní títóbi torí pé ọmọ ṣì ń dàgbà, ńṣe ni orí ọmọ máa yọ́ gba inú rẹ̀ lọ.