Bátìrì Gírìdì: Ìṣẹ́jú Àáyá Ni Wọ́n Rà Á Fún

Bí a bá gbọ́ pé ìjọba kan ra bátìrì ràgàjì fún odindi ìpínlẹ̀, ohun tí yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni pé, "Wákàtí mélòó ló lè gbé?" Bí a ṣe ń ra ínfátà nìyẹn. Ó gbé fáànù, ó gbé fíríìjì, ilẹ̀ mọ́ bá a, owó wa kò ṣòfò. Ṣùgbọ́n ti gírìdì, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ àti wáyà tó so iná gbogbo ìlú pọ̀, yàtọ̀. Wákàtí kọ́ ni olórí iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ìdí ẹ̀rọ ata ná. Wọ́n ti tan ẹ̀rọ, ohùn rẹ̀ dọ́gba. Wọ́n da odindi abọ́ ata kan sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ ó gbọ́ ọ: ohùn á wálẹ̀, ẹ̀rọ á máa kérora, ẹni tó ń lọ ata á sì yára fún un ní epo sí i kó tó kú. Bí ata bá tán lójijì, ohùn á tún ròkè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀rọ tó ń pèsè iná fún orílẹ̀-èdè. Àwa tí à ń lo iná ni ata. Ohùn ẹ̀rọ yẹn ni àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní frequency. 50 Hz ló yẹ kó jẹ́ ní Nàìjíríà: iná ń lọ, ó ń bọ̀, ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní Òṣogbo, níbi tí wọ́n ti ń darí gírìdì wa, nọ́ńbà yìí ni wọ́n ń ṣọ́ tọ̀sán-tòru.

Bí ẹ̀rọ kan bá kú lójijì, ẹrù rẹ̀ á bọ́ sọ́rùn àwọn yòókù lójú ẹsẹ̀. Ohùn wọn á wálẹ̀. Bó bá wálẹ̀ jù, òmíràn á já ara rẹ̀ kúrò kó má baà bàjẹ́, ẹrù tiẹ̀ náà á tún di ti ẹni tó kù. Títí gbogbo rẹ̀ á fi kú tán. Ohun tí ìwé ìròyìn ń pè ní "gírìdì wó" nìyẹn.

Ó ṣẹlẹ̀ ní South Australia, ìpínlẹ̀ kan ní orílẹ̀-èdè Australia, ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án, 2016. Ìjì wó àwọn òpó gogoro tó gbé wáyà iná. Bí wáyà ṣe ń já, àwọn ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ pèsè iná dín mẹ́gáwáàtì 456 kù kí ìṣẹ́jú àáyá méje tó pé. Wáyà tó so ìpínlẹ̀ náà mọ́ Victoria, ìpínlẹ̀ tó múlé gbè é, fẹ́ dí àlàfo yẹn, ẹrù pa á lórí, òun náà já. Gbogbo ìpínlẹ̀ ṣókùnkùn. Ìṣẹ́jú àáyá méje! Ẹ̀rọ gáàsì tí wọn kò tíì tan kò lè gbéra láàárín ìyẹn.

Lọ́dún 2017, Elon Musk, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ Tesla tó ń ṣe ọkọ̀ oníná àti bátìrì, fọ́nnu pé Tesla á gbé bátìrì kan dìde níbẹ̀ láàárín ọgọ́rùn-ún ọjọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀fẹ́ ni. Ó mú un ṣe. Nígbà tí oṣù Kejìlá wọlé, bátìrì Hornsdale ti ń ṣiṣẹ́ nítòsí ìlú Jamestown: agbára mẹ́gáwáàtì 100, àkójọ iná mẹ́gáwáàtì-wákàtí (MWh) 129. Bó bá ń tú gbogbo agbára rẹ̀, kò lè pé wákàtí kan àbọ̀. Àwọn kan fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe pín in: wọ́n ya mẹ́gáwáàtì 70 sọ́tọ̀ fún ààbò gírìdì, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, kí ẹ̀rọ mìíràn ráyè gbéra. Mẹ́gáwáàtì ọgbọ̀n tó kù ni Neoen, ilé-iṣẹ́ tó ni ín, fi ń ṣòwò nígbà náà, ó ń ra iná nígbà tó pọ̀, ó ń tà á nígbà tó wọ́n.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ní òru ọjọ́ 14 oṣù náà, ẹ̀rọ kan kú ní ilé-iṣẹ́ iná Loy Yang ní Victoria, mẹ́gáwáàtì 560 pòórá. Hz wálẹ̀ sí 49.80. Bátìrì Hornsdale tó wà lọ́nà jíjìn réré ti tú mẹ́gáwáàtì 7.3 sórí wáyà kí ẹ̀rọ èédú Gladstone, tí iṣẹ́ yẹn wà lọ́rùn rẹ̀, tó dá sí i. 7.3 nínú 560, ẹ̀kán omi lásán ni. Èmi ò ní bá yín sọ pé òun ló gba Australia là. Yíyá rẹ̀ ló ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Kò ní nǹkan tó ń yí, kò dúró de epo. Bí iná bá sì pọ̀ jù lórí wáyà, á tún gbé e mì.

Bátìrì kì í pèsè iná o. Bí gáàsì kò bá dé ilé-iṣẹ́ iná wa, ìṣẹ́jú mẹ́wàá á pé, òun náà á sì dákẹ́. Níbi tí kò bá sì sí bátìrì tàbí ẹ̀rọ tó wà ní ìmúrasílẹ̀, ọ̀nà kan ló kù fún ẹni tó ń ṣọ́ Hz nígbà tí ohùn bá ń wálẹ̀: kó dín ata kù. Á pàṣẹ kí wọ́n já àdúgbò kan kúrò, lẹ́yìn náà òmíràn, títí ohùn ẹ̀rọ á fi dọ́gba.