Fóltì ló ń ba ẹ̀rọ jẹ́, kì í ṣe áḿpù

Lẹ́nu ìsọ̀ àwọn tó ń tún fóònù àti láptọ́ọ̀pù ṣe ní Banex, ní Wuse II ní Àbújá, kò ṣòro láti gbọ́ kí oníbàárà kọ ṣájà kan pé áḿpù rẹ̀ ti pọ̀ jù, pé yóò jó ẹ̀rọ òun. Ẹ̀rù tó wà lórí áḿpù yìí, orí fóltì ló yẹ kó wà.

Nínú ohun tí wọ́n kọ sára ṣájà, ìlà tó sọ iná tó ń gbà kì í sábà ní wàhálà: 100 sí 240 fóltì ni ọ̀pọ̀ ṣájà òde òní lè gbà, 230 tiwa sì wà láàrin rẹ̀. Iná tó ń jáde ni kí á wò, bíi 19V, 3.42A fún láptọ́ọ̀pù, tàbí 12V, 1A fún rọ́tà, ẹ̀rọ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì nínú ilé. V ni fóltì, A ni áḿpù.

Ká mú táǹkì omi orí òpó irin tó wà nínú ọgbà ọ̀pọ̀ ilé ní Àbújá. Gíga tí táǹkì náà ga ni fóltì. Omi tó ń gba inú páìpù kọjá ni áḿpù. Áḿpù tí wọ́n kọ sára ṣájà dà bí omi tó wà nínú táǹkì: ìwọ̀n tó pọ̀ jù tó lè fúnni ni. Bí mẹruwa bá da ogún kẹ́ẹ̀gì sínú táǹkì dípò mẹ́wàá, ẹnu ẹ̀rọ omi ilé ìdáná kò ní torí ìyẹn bẹ́, nítorí ìwọ̀n tí a ṣí i ló ń gbà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé táǹkì yẹn lọ sórí òkè ilé alájà mẹ́wàá, rọ́bà inú ẹ̀rọ omi kan náà lè já, ì báà ṣe kẹ́ẹ̀gì kan péré ló kù nínú táǹkì.

Nítorí náà, rọ́tà tó ń fẹ́ áḿpù 1, tí a so mọ́ ṣájà 12V, 3A, áḿpù 1 náà ni yóò fà. Bí a bá wá fi ṣájà 19V bọ̀ ọ́, tí kápásítọ̀ (ẹ̀yà kékeré tó ń tọ́jú iná díẹ̀) tí wọ́n kọ 16V sí lára gẹ́gẹ́ bí òpin ohun tó lè gbà sì wà níbi tí iná ń gbà wọlé, orí rẹ̀ lè wú, kí òórùn jíjó sì tẹ̀ lé e. Bí áḿpù ṣájà bá kéré ńkọ́? Rọ́tà yóò tan, yóò kú, yóò tún tan, ṣájà fúnra rẹ̀ yóò sì gbóná, pàápàá nínú ooru oṣù Kẹta. Àmì róbótó kékeré tún wà lára ṣájà, tó ń fi hàn bóyá àárín ẹnu rẹ̀ ni pọ́sítíìfù (+) wà. Bí ìyẹn bá yí padà, fóltì tó bára mu kò gba ẹ̀rọ là.

Ẹ̀bi àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ni pé ihò róbótó kan náà ń gba 9V, ó ń gba 12V, ó sì ń gba 19V. Àwọn tó ṣe USB-C, irú ẹnu ṣájà tó wà lára ọ̀pọ̀ fóònù tuntun, lo ọgbọ́n jù wọ́n lọ. Fóltì 5 ni ṣájà rẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ yóò sọ ohun tó ń fẹ́, ìgbà yẹn ni ṣájà yóò tó gùn ún sí 9, 15 tàbí 20. Bí èdè wọn kò bá yé ara wọn, 5 náà ni yóò dúró sí. Fóònù á máa gba iná díẹ̀díẹ̀, ẹni tó ni ín á sì ní ṣájà náà kò lágbára.